Aṣọ Òtútù Lórí Òkè Kamẹrúùnù

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí mo dé Buea ní Kamẹrúùnù. Obìnrin kan jókòó ti ẹyín iná lẹ́bàá títì, ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìró ló ró, ó wé gèlè, sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi ti ọlọ́jà èyíkéyìí ní Ìta Fájì ní Èkó, ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ lé gbogbo rẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì òtútù aláwọ̀ ewé tó wú sókè ní ìlà-ìlà, irú èyí tí àwọn ẹbí wa máa ń wọ̀ bọ̀ láti London. Kò sẹ́ni tó ń wò ó bí ìran. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wọ irú rẹ̀. Awakọ̀ tó gbé mi wá náà nawọ́ sábẹ́ àga, ó fa tirẹ̀ jáde, ó wọ̀ ọ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kùrukùru ń rọ́ bọ̀ láti ara òkè, ó ti bo òpó iná, ó ti ń bo òrùlé ilé, nígbà tí mo sì la ẹnu kí obìnrin náà, èémí mi yọ jáde bí èéfín.

“Ashia,” ló fi dá mi lóhùn, ìyẹn ìkíni tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ti ṣe làálàá. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú èso kékeré aláwọ̀ àlùkò tí àwọn Ìgbò ń pè ní úbè, tó ti fi eérú gbígbóná mú rọ̀. Bọ̀ọ̀lì ni, kò sí àní-àní, àmọ́ ẹ̀pà la máa ń fi jẹ tiwa. Úbè náà kan díẹ̀, ó lọ́ràá, ó sì bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu ju bí mo ti rò lọ. Orí ìdúró ni mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ń fi pépà tí wọ́n fi wé e yá ọwọ́.

Ní àdúgbò wa, òtútù tó ń mú èéfín yọ lẹ́nu èèyàn, ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Ọyẹ́ ń fẹ́ dé Èkó lóòótọ́, òjò oṣù keje sì ń mú kí àwọn àgbà wá súwẹ́tà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló mọ. Kóòtù tí ẹni tó ti London dé bá gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni yóò wà títí eku yóò fi pín in. Bẹ́ẹ̀ Buea kì í ṣe òkè òkun. Títí di 1960, abẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi agbègbè náà sí. Òkun tó ń fọ ẹsẹ̀ Èkó ló ń fọ ẹsẹ̀ òkè tó dúró lẹ́yìn ìlú náà, òkè tí wọ́n tún ń pè ní Fako, tó ga ju mítà 4,000 lọ, tí kò sì sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní gbogbo mítà 1,000 tí èèyàn bá gùn, afẹ́fẹ́ ń tutù sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7. Bí etí òkun bá wà ní ìwọ̀n 30, kí ẹ wá yọ ọ́ wò fún ẹni tó dúró lórí ṣóńṣó. Ẹ̀fúùfù kò tíì sí nínú ìṣirò yẹn o.

Òkè náà ni mo wá gùn. Píjìn ni èmi àti afinimọ̀nà mi jọ ń sọ, tiwọn àti tiwa kò jọra tán ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Pa ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí àgbàlagbà ni, ọmọ Bakweri, ó sì ti ń mú àlejò gun òkè náà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ní kí n kó gbogbo ẹrù mi sórí ẹní. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan kóòtù mi, ó fà á mọ́ra, ó ní, “Ta ló rà á fún ọ?”

Ìyá mi ló rà á, ní Ìdúmọ̀tà. Ìyá mi ti ta aṣọ pẹ́ ní Balógun, bó sì ṣe ń yan aṣọ kò yí padà rí: yóò tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, yóò gbé e sókè díẹ̀, yóò tún gbé e. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, aṣọ dé nìyẹn. Bó bá fúyẹ́, yóò dá a padà fún ọlọ́jà láì béèrè iye rẹ̀. Ohun tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹ̀tù tó wúwo, sányán tó wúwo, àrán, dàmásíkì, lééṣì tó máa ń fa èjìká: ìwọ̀n wọn jẹ́ ara iyì wọn. Ọkùnrin tó wọ agbádá tó ní láti máa ká apá rẹ̀ sórí èjìká ní gbogbo ìgbà, kò sẹ́ni tó ń káàánú rẹ̀. Ìyá mi wá fi ìwọ̀n yìí kan náà yan kóòtù onírun àgùntàn fún mi, ó sì yan èyí tó dára gan-an nínú irú rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ tí òun ń tà ni pé kí ayé rí i. Iṣẹ́ tí aṣọ fẹ́ ṣe lórí Fako yàtọ̀ sí ìyẹn.

Pa ní ìwọ̀n onírin kan tó fi máa ń wọn ẹrù àwọn aláàárù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ru ju agbára lọ. Ó fi kóòtù mi kọ́ ọ: kílò méjì àbọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa nǹkan kan jáde nínú àpò ìdọ̀họ, nǹkan tó ká jọ tó ṣe é fi ọwọ́ kan gbá mú. Ó tú u, ó gbọ̀n ọ́n, jákẹ́ẹ̀tì odindi sì ń wú bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú mi bí ẹni pé ẹnìkan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi kọ́ ìwọ̀n: abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Gíráàmù 340.

“Èyí móoru ju tìẹ lọ,” ni Pa wí. Mo wojú rẹ̀, mo wo jákẹ́ẹ̀tì náà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá fi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò hàn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i. Ó tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi pẹlẹbẹ, ó ṣí ọwọ́, ó dúró. Ibi tó tẹ̀ náà gbéra, ó kún padà kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní èyí tó bá dùbúlẹ̀ sí pẹlẹbẹ, ìhùùhù inú rẹ̀ ti kú, ọ̀rá ara tàbí ọṣẹ líle ti pa á. Ó gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ní èjìká òsì, ìlà kan ń tàn ju èyí tó kù lọ: ìhùùhù ibẹ̀ ti ṣí kúrò, òtútù yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó fi ìka méjì tẹ apá rẹ̀ wò, ó ń wá ohun tó le. Bí igi ìyẹ́ bá ń gún èèyàn lọ́wọ́ lọ́pọ̀, a jẹ́ pé ìyẹ́ lásán ni wọ́n fi lú u. Ó wá fa fọ́nrán kan tó ti yọ orí jáde ní ojú rírán, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ojú mi rí i pé ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìhùùhù yẹn, abẹ́ ìyẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ló ti ń wá, tàbí ti ẹyẹ goose tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Kò ní igi láàárín. Ojú kan ni àìmọye fọ́nrán ti ń nà síhìn-ín sọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ a há sáàárín wọn, kò ní ráyè rìn. Aṣọ kì í mú ooru wá. Ara ẹni ni iná, aṣọ kàn ń dí ọ̀nà mọ́ ooru kó má sá lọ, afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan sì ń dí i dáadáa. Ẹni tó bá ti rí adìyẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ lọ́jọ́ òjò ti rí i: ìyá kì í tẹ àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, àwọn òròmọdìyẹ a sì móoru nínú àyè tó ṣí fún wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sára irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, 600, 700, 800, bí ìhùùhù náà ṣe ń wú tó ló ń sọ: iye kúbíìkì íǹṣì tí gíráàmù 28 péré rẹ̀ lè kún. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ìhùùhù díẹ̀ yóò ṣe tó, tí jákẹ́ẹ̀tì yóò sì ṣe fúyẹ́ tó. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan kò tíì rí gbogbo rẹ̀ o, nítorí 800 tí wọ́n fi bíńtín sínú rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ 600 tó kún dáadáa.

A lọ sí ọjà kí n lè ra tèmi. Òkìríkà ni àwọn náà ń pè é níbẹ̀, bí a ṣe ń pè é, ohùn àwọn tó ń tà á sì bá ti ọjà Katangowa ní Èkó dọ́gba. Òkìtì jákẹ́ẹ̀tì ga dé àyà mi. Mo rò ó wò níbi tí mo dúró sí, ibi tí irú jákẹ́ẹ̀tì báyìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó: lára ọlọ́kadà tó ń jáde ní ìdájí, lára àwọn tó ń gbé páálí ẹja nínú àwọn ilé yìnyín Ìjọra. Ẹ̀fúùfù ni ọ̀tá ọlọ́kadà, aṣọ tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá ló nílò, kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Òtútù ilé yìnyín le, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó wọ aṣọ tó wúwo a wọlé a jáde kó tó rẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ń lọ sórí òkè, òógùn ara mi ni ọ̀tá mi àkọ́kọ́, òjò sì ni èkejì. Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ òkè náà níhà òkun, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún ju mìlímítà 10,000 lọ, ó wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù lágbàáyé.

Ibẹ̀ ni ìpinnu ti le. Bí omi bá wọ inú ìhùùhù, yóò lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sá, kò ní tètè gbẹ, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì yàtọ̀ sí ẹni tó wọ náílọ́ọ̀nù lásán. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi òwú pọliẹsítà ṣe wúwo jù ú lọ fún ìwọ̀n ooru kan náà, kì í ká kéré bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó tutù, ó ṣì ń gbìyànjú. Mami tó ni òkìtì náà mọ ìyàtọ̀ wọn láì wo inú. Ó ń fi etí gbọ́ ọ! Ó rún apá ọ̀kan lẹ́bàá etí rẹ̀, ó ní, “Òwú.” Ó rún òmíràn, ó ní, “Ìyẹ́.” Ó bi mí bóyá èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ru ẹrù mi àbí ẹlòmíràn. Nígbà tí mo sọ fún un pé aláàárù wà, ó ju onípọliẹsítà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún mi ní onííhùùhù aláwọ̀ ọsàn kan tó ní ìbòrí, ó sì ní kí n wọ̀ ọ́ lé gbogbo aṣọ tí mo wọ̀ kí n na apá sókè. Bí etí rẹ̀ bá kúrò ní ìbàdí, kì í ṣe tèmi. Kò kúrò. A ná an bí ọmọ ìyá méjì tó ń bínú síra wọn, mo san owó, ó fi ọ̀rá ńlá méjì ṣe ẹ̀bùn lé e. “Ọ̀rá yìí ṣe pàtàkì ju jákẹ́ẹ̀tì lọ,” ló wí.

Ìlú ṣì tòrò nígbà tí mo lọ. Láti 2017 ni ìbọn ti ń dún ní agbègbè náà, àlejò sì ti dínkù jọjọ lórí òkè. Pọ́fùpọ́ọ̀fù àti ẹ̀wà la jẹ kí a tó gbéra, pẹ̀lú ògì gbígbóná, ẹ̀wà náà sì lata débi tí mo fi rántí ẹ̀wà agànyìn. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi pọ́fùpọ́ọ̀fù jẹ ẹ̀wà. Ní báyìí mo ń ṣe é nílé, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá mi dúró.

Inú igbó kìjikìji la kọ́kọ́ gbà. Òógùn bò mí. Jákẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú ọ̀rá kejì, ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò, Pa kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà igbó tán lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n fi àdá gé e, koríko ló kù, àti ẹ̀fúùfù. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé a kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì yìí rìn. Aṣọ ìdúró ni. Bí a bá ti jókòó sinmi, Pa á ní, “Wọ̀ ọ́,” kí òtútù tó mú mi rárá, nígbà tí ara mi ṣì gbóná tí èmi kò sì rí ìdí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ dìde, “Bọ́ ọ.” Ooru tó bá ti sá lọ, ara ní láti tún un dá láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí a bá tètè dè mọ́lẹ̀ kò náni ní nǹkan kan.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń ru ẹrù wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ń gun òkúta bí ẹni ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Onípọliẹsítà ni gbogbo wọn wọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fi ìdí rẹ̀ hàn mí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí òjò wínníwínní ká wa mọ́ lójú ọ̀nà. Èmi wọ aṣọ òjò rọ́bà, jákẹ́ẹ̀tì mi ń sùn nínú ọ̀rá. Òun ní láti di okùn àgọ́, kò lè dúró kí òjò dá. Omi ń kán ní ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó fún un bí ẹni fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mo fọwọ́ kan inú rẹ̀ lẹ́yìn tó wọlé: ó tutù lójú, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ nínú.

Lálẹ́, mo mọ òtútù. Eyín ń gbá eyín nígbà tí mo ń tú okùn bàtà. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n, mo wọ inú àpò ìsùn, mo dúró. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Pa gbé bóbóló fún mi, ẹ̀gẹ́ kíkan tí wọ́n di sínú ewé tó gùn bí apá, pẹ̀lú ẹja díndín, ó ní kí n jẹun ná, iná wo ni mo rò pé aṣọ fẹ́ pa mọ́ nígbà tí kò sí igi nínú ààrò? Mo jẹ ẹ́ tán. Díẹ̀díẹ̀, láti àyà wá, ooru ara mi bẹ̀rẹ̀ sí padà sọ́dọ̀ mi. N kò lè sọ bó ṣe rí fún ẹni tó dàgbà sí Èkó, níbi tí ooru ti jẹ́ ohun tí a ń sá fún. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ pẹ́pẹ́yẹ tí n kò rí rí.

Iná kékeré wà níta, a jókòó yí i ká kí oorun tó dé, Pa sì pàṣẹ kí àwa onííhùùhù sún sẹ́yìn, nítorí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè jó ìta rẹ̀ lu, kí ìhùùhù máa fò jáde. Ó sọ̀rọ̀ Epasa Moto fún wa, ẹ̀mí tó ni òkè náà, tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí èkejì jẹ́ òkúta. Kò sọ ọ́ bí àlọ́. Òkè yìí yọ iná ní 1999, omi òkúta gbígbóná ṣàn já títì etí òkun ní Bakingili, ó tún yọ ní 2000. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ ẹni tí òun ń kí. Bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ń wo Olúmọ ni mo ṣe gbọ́ ọ. Èmi náà sọ ìtàn George Finch fún wọn, ẹni tó wọ kóòtù ìhùùhù tí wọ́n fi aṣọ bàlúùnù rán lọ sí Everest ní 1922. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí òtútù fi dé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ̀. Pa ní òun mọ irú àwọn ẹlẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Orí ṣóńṣó kò gbà wá pẹ́. Òkúta dúdú, ẹ̀fúùfù tó ń ti èèyàn, àwọsánmà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa dípò òkun. Àwọn eléré ìje ń gun ibẹ̀ láti ìlú, wọ́n sì ń sáré sọ̀ kalẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà, ní oṣù kejì ọdún, nínú ìdíje tí Sarah Etonge, abiyamọ, ti gbà lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n fi ń pè é ní ọbabìnrin òkè náà. Ara eré sísá ń dá ooru tirẹ̀. Èmi fa ìbòrí bo orí.

Ní gáréèjì Mile 17 níjọ́ tí mo ń lọ, Pa bá mi wá. Oòrùn mú, jákẹ́ẹ̀tì ti ká wọ inú ọ̀rá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé béèlì òkìríkà ń wọ Èkó ju Buea lọ, kí n bá òun wá jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin: méjì onííhùùhù fún àlejò, méjì onípọliẹsítà fún àwọn ọmọ tó ń ru ẹrù, nítorí àwọn ni òjò máa ń bá lẹ́nu iṣẹ́. Kó má ṣe dúdú, kó má ṣe àwọ̀ eérú; pupa tàbí ọsàn, kí òun lè rí wọn nínú kùrukùru. Síìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é fà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Mo pe ìyá mi kí ọkọ̀ tó gbéra, mo kà á fún un. “Ó wúwo tó èwo?” ló kọ́kọ́ béèrè. Mo sọ iye gíráàmù rẹ̀. Ó ní, “Háà.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Báwo la ṣe wá ń mọ èyí tó dáa nínú wọn?” Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó ṣí ọwọ́, kó wò ó bóyá yóò gbéra. Ó ní kí n tún un sọ, nítorí òun ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tú béèlì ní Katangowa, òun fẹ́ kó yà á sọ́tọ̀ kí àwọn ọlọ́kadà tó dé.